Olè Tí Kò Ṣeé Jà

Lọ́jọ́ tí ìyá Bàbá Rọra bí i, ẹ̀rù ló kọ́kọ́ jáde. Ọmọ wá tẹ̀lé e bí àbúrò. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì ò yà mọ́. Bí ajá bá gbó ní òpópónà kejì, Bàbá Rọra á tọrọ àforíjì. Bí ẹnìkan bá sín lẹ́yìn rẹ̀, á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Tó bá fẹ́ sọdá títì, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á tún wo òkè, torí ta ló mọ ohun tó lè já bọ́. Orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́ ti sọnù, Rọra ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí kò sí ohun tí o lè máa ṣe tí kò ní sọ fún ọ pé, "Ẹ rọra o." Ó ń sọ ọ́ fún ẹni tó ń gun àkàbà, ó ń sọ ọ́ fún ẹni tó ń jẹun, ó sì ti sọ ọ́ rí fún aládùúgbò kan tó ń sùn jẹ́jẹ́ lórí àga: "Ẹ rọra sùn o."

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́pàá wá mú fún olè. Bí wọ́n bá ní àdàbà fi ọ̀bẹ gún ológbò, ì bá rọrùn láti gbà gbọ́ jùyẹn lọ.

Ilé ìfọṣọ ló ti ń ṣiṣẹ́ látìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú. Bí o bá wọlé láti ojú títì, káńtà ni wàá kọ́kọ́ bá, níbi tí àwọn oníbàárà ti ń já aṣọ sílẹ̀. Lẹ́yìn káńtà ni yàrá ẹ̀rọ, tí àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ ńláńlá ti ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ni tábìlì àwọn tó ń lọ aṣọ, níbi tí ooru áyọ́ọ̀nù ti ń mú kí ògiri máa làágùn. Ìpẹ̀kun gbogbo rẹ̀ ni yàrá ìsáṣọ. Fèrèsé rẹ̀ ga, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ò tó nǹkan, kóòtù àti gáwùn sì so kọ́ níbẹ̀ ní ìlà-ìlà bí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tí kò lórí. Bàbá Rọra kì í wọ ibẹ̀ láì kí wọn. "Ẹ kú ìdúró o," ni yóò sọ fún àwọn kóòtù. Kò sí èyí tó dá a lóhùn rí, ìyẹn sì máa ń fi í lọ́kàn balẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni àmì. Kí aṣọ kankan tó kan omi nínú ilé ìfọṣọ yẹn, òun ni yóò fi abẹ́rẹ́ gán àmì olówó rẹ̀ sínú kọ́là: fún oníbàárà yìí, ìlà méjì olówùú yẹ́lò, fún tọ̀hún, òwú aláwọ̀ ewé tó lọ́ bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ pàápàá ní tiwọn lára aṣọ iṣẹ́ wọn. Tirẹ̀ jẹ́ àgbélébùú pupa nínú òrùka dúdú. Àmì ni ọba níbẹ̀. Bí ènìyàn méjì bá ń fa ṣẹ́ẹ̀tì kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́, bí wọ́n bú ara wọn títí dé orí baba ńlá, ẹ ṣáà yí kọ́là padà. Ẹni tí àmì rẹ̀ wà níbẹ̀ ló ni ín, ìjà parí. Èyí tí Bàbá Rọra bá sì ti gán lẹ́ẹ̀kan, kò tún wò ó mọ́. Ta ló ń ka ìka ọwọ́ ara rẹ̀ láràárọ̀?

Kóòtù kan wá wà ní yàrá ìsáṣọ, aláwọ̀ eérú, tó rọ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹlé. Ọkùnrin gíga kan ló gbé e wá. Bàbá Rọra gán àmì rẹ̀ sí i, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n lọ̀ ọ́, ọkùnrin náà sì kó kúrò ní ìlú láì wá gbà á. Ìyàwó tó fi sílẹ̀ wá kó aṣọ yòókù, ó ní òun ò fẹ́ fojú kan kóòtù yẹn mọ́ láyé, kí Màmá tó ni ilé ìfọṣọ ṣe é bó ṣe wù ú. Bẹ́ẹ̀ ni kóòtù ṣe di ọmọ òrukàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun, ọwọ́ Bàbá Rọra ṣèèṣì wọ apá kóòtù náà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó ṣèèṣì. Ọwọ́ kejì náà tún ṣèèṣì. Bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣèèṣì tẹ̀lé ara wọn. Dígí kan fara ti ògiri níbẹ̀, ẹni tó sì rí nínú rẹ̀ kì í ṣe òun. Ọkùnrin kan ló dúró síbẹ̀, èjìká rẹ̀ gún, ọrùn rẹ̀ nà, irú ẹni tí ajá fúnra rẹ̀ máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Rọra wá ẹ̀rù rẹ̀ nínú ikùn, kò bá a. Ó wá a lórúnkún, kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rù ti jáde lọ!

"Bàbá Rọra! Ibo lẹ wọlẹ̀ sí?" Máníjà, ọmọ Màmá, ló ń pariwo láti iwájú.

"Mò ń bọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Kò sí "ẹ jọ̀ọ́ sà," kò sí "ẹ má bínú." Ohùn náà yà á lẹ́nu débi pé ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló sọ ọ́. Ó sáré bọ́ kóòtù, kó sì tó bọ́ apá kejì tán, ẹ̀rù ti padà dé bí onílé tó ti ìrìn àjò dé, tó ń béèrè ẹni tó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì òun.

Látọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Kò fẹ́ fi kóòtù ṣe fáàrí, kò fẹ́ fi ya fọ́tò. Ó kàn fẹ́ mọ bí ayé ṣe rí fún àwọn tí ẹ̀rù kì í bà. Ẹ ó ní, kí ló dé tí kò tọrọ rẹ̀? Ẹ̀rù bà á láti tọrọ ni! Ẹni tó bá fẹ́ tọrọ gbọ́dọ̀ la ẹnu, kó wo ojú ènìyàn, kó sì dúró gbọ́ èsì. Olè jíjà ò le tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìgbà tó yàn ló wá burú. Màmá ti rìnrìn àjò lọ wo ọmọbìnrin rẹ̀ tó bímọ, ó sì fi ilé ìfọṣọ lé ọmọkùnrin rẹ̀ lọ́wọ́. Òun ni Máníjà. Máníjà kọ́ ẹ̀kọ́ nípa bí a ti ń darí òṣìṣẹ́, ohun kan ṣoṣo tó sì rántí nínú gbogbo ẹ̀kọ́ ọ̀hún ni pé òṣìṣẹ́ ń jalè. Láràárọ̀ ló ń tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà.

"Olè ń bẹ láàárín yín! Mi ò mọ̀ ọ́n, àmọ́ ó mọ ara ẹ̀! Ẹni àkọ́kọ́ tọ́wọ́ bá tẹ̀, ẹ̀wọ̀n tààrà ni. Ẹni tó bá mú ìyá ẹ̀ wá bẹ̀ mí, màá ti ìyá ẹ̀ náà mọ́ ọn!"

Ó tún gba ọlọ́dẹ kan sí géètì, Ojú-Iná ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin tí ẹyinjú rẹ̀ tóbi bí ọsàn, tó máa ń wo ènìyàn bí ẹni ń wo inú ìgò.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣíwọ́ lọ́jọ́ kan, Bàbá Rọra yọ́ wọ yàrá ìsáṣọ. Ó gbàgbé láti kí àwọn kóòtù. Ó fa kóòtù aláwọ̀ eérú wálẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó sì wọ aṣọ iṣẹ́ lé e lórí. Oòrùn ọjọ́ náà lè se ẹyin lórí òrùlé, kóòtù náà sì nípọn. Ó dúró kí ẹ̀rù jáde bíi ti ọjọ́sí. Ẹ̀rù ò jáde. Ńṣe ló ránṣẹ́ pe gbogbo ìdílé rẹ̀ wá. Òógùn ń ṣàn láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, bàtà rẹ̀ ń ké bí ọ̀pọ̀lọ́. Ó kọjá níbi tábìlì àwọn tó ń lọ aṣọ, ó dà bíi pé áyọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ń yí imú tẹ̀lé e. Ó kọjá níbi àwọn ẹ̀rọ, ó gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé: olè-olè-olè-olè. Títí dé géètì, kò mí.

Ojú-Iná gbójú sókè. Ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Rọra! Ẹ ti sanra o! Kí nìyàwó ń fún yín jẹ nílé?"

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwàdà ni. Àmọ́ orúnkún Bàbá Rọra ti kanlẹ̀.

"Kóòtù ni! Kì í ṣe ọ̀rá! Mo jí i, èmi ni mo jí i, ẹ má nà mí!"

Ojú-Iná gan-an fò sẹ́yìn. Látìgbà tí ọkùnrin náà ti ń ṣọ́ géètì, kò mú olè rí. Ojú ńlá yẹn kò ríran tó bẹ́ẹ̀.

"Bàbá, ẹ dìde. Eré ni mò ń bá yín ṣe. Ẹ máa lọ sílé."

"Mi ò lè lọ! Ẹ pe Máníjà!"

"Bàbá, ẹ pa ẹnu mọ́, mo bẹ̀ yín. Mi ò rí nǹkan kan."

"Ẹ̀yin tí ojú yín tóbi tó báyìí? Ẹ máa rí i! Ẹ wò ó!" Ó sì fa aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ya.

Máníjà sáré jáde, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó ṣẹ́gun. Ó fúnra rẹ̀ pe ọlọ́pàá.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, sájẹ́ǹtì tó jókòó sídìí tábìlì bi í léèrè ohun kan ṣoṣo: "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Bàbá Rọra jẹ́wọ́ èyí tó ṣe, ó jẹ́wọ́ èyí tó rò, ó jẹ́wọ́ súgà tó lá nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́wọ́ èyí tí sájẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ ṣe. "Ó tó, Bàbá, ó tó," ni sájẹ́ǹtì wí, "ọwọ́ ti ń ro mí." Wọ́n tì í mọ́ àtìmọ́lé.

Ìyàwó rẹ̀ dé lọ́jọ́ kejì. Onídìrí ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju eyín òòyà lọ. Ó gbé abọ́ oúnjẹ dání, ó wo ọkọ rẹ̀ láàárín irin.

"Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ẹ ò lè pa ẹ̀fọn láì kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́! Bàbá wọn, ẹ̀yin lẹ wá jalè?"

"Wọ́n ní ọdún mẹ́ta."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ẹni tó wà nínú ibí. Ẹni tó jí ewúrẹ́ ní ọdún mẹ́ta ni, ẹni tó jí táyà ní ọdún mẹ́ta ni. Wọ́n ti ṣèpàdé lé e."

"Ẹ jẹun."

"Ṣé mo lè kú síbẹ̀?"

Obìnrin náà mọ àyà ọkọ rẹ̀, tí ooru àti èéfín áyọ́ọ̀nù ti jẹ tì. Ó ń gbọ́ bó ṣe ń fọn bí fèrè lóròòru. Bí àyà yẹn bá wọ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, kò ní bá a jáde. Ó kàn ti abọ́ wọlé lábẹ́ irin, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ọlọ́pàá fi ní àsìkò tó.

Àfi bí Màmá ṣe dé. Máníjà tó lọ pàdé rẹ̀ ti ròyìn fún un, ilé kọ́ ló kọ́kọ́ lọ. Bó ṣe ti ọkọ̀ bọ́ọ́lẹ̀ tòun ti báàgì, àgọ́ ọlọ́pàá ló gbà lọ, Máníjà ń sáré tẹ̀lé e.

"Níbo ni kóòtù náà wà?"

"Ẹ̀rí ni, Màmá," ni sájẹ́ǹtì wí. "A ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ yí kọ́là rẹ̀ padà."

Sájẹ́ǹtì yí kọ́là padà. Àgbélébùú pupa wà níbẹ̀ nínú òrùka dúdú, òwú rẹ̀ ṣì ń dán.

"Àmì ta nìyẹn?" ni Màmá bi ọmọ rẹ̀.

Máníjà wò ó. Ó tún un wò. Ojú rẹ̀ ń yí padà bí aṣọ tó ń ṣí. "Ti Bàbá Rọra."

"Èmi ni mo tú ti àtijọ́ kúrò. Èmi ni mo gán tirẹ̀ sí i kí n tó lọ. Mo ní tí n bá dé, n ó gbé e fún un. Kóòtù rẹ̀ ni. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún un."

Sájẹ́ǹtì họ orí. "Ta ló wá jà lólè?"

"Ara rẹ̀."

"Màmá, ẹ dúró ná!" Máníjà ò fẹ́ kí olè àkọ́kọ́ tó mú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Kò mọ̀! Ó rò pé òun ń jalè ni. Ó sọ ọ́ lẹ́nu ara ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ni ín, ṣebí yóò ti gbé e lọ?"

"Ìwọ ọmọ yìí, mo rán ọ níwèé, o ò rántí kọ́ ọgbọ́n mọ́ ọn."

Àmọ́ ọ̀rọ̀ Máníjà ti wọ sájẹ́ǹtì létí. Ó ní ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ Màmá, ó ti di ti ìjọba. Ilé ẹjọ́ ni yóò sọ ọ́. Ó fa ìlà pupa lé ẹ̀sùn olè, ó kọ òmíràn sábẹ́ rẹ̀: ìgbìyànjú láti jalè. Ọdún mẹ́ta tí wọ́n ń dá fún olè náà ni wọ́n lè dá fún ẹni tó gbìyànjú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ fún Bàbá Rọra pé kóòtù náà tirẹ̀ ni, ṣé ẹ rò pé inú rẹ̀ dùn? Ẹkún ló sun. Ó ní, "Èmi náà ni wọ́n tún jà lólè?"

Lọ́yà tí wọ́n fún un jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí apá kóòtù rẹ̀ gùn ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó wọlé bí ẹni tó fẹ́ jó.

"Bàbá, ẹjọ́ yín dùn!"

"Ó dùn?"

"Bí oyin! Irú ẹ̀ ò wọ́pọ̀ rárá. Ẹ gbọ́. Ọkùnrin kan fẹ́ pa ọ̀tá rẹ̀. Ó gbé àdá, ó bá nǹkan lábẹ́ aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ṣá a ṣákaṣàka. Igi ìdáná ni wọ́n tò síbẹ̀. Ṣé ó pa èèyàn?"

Bàbá Rọra gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Mi ò ṣá igi kankan o."

"Àpẹẹrẹ ni! Òmíràn fi iyọ̀ sínú tíì ọ̀gá rẹ̀, ó rò pé májèlé ni. Ọ̀gá mu ún, ó yọ ojú sí i, ó ní ìwọ náà, o ò mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí súgà? Ṣé apànìyàn ni? Àwọn kan ní, ohun tí kò ṣeé ṣe, ènìyàn ò lè ṣe é, torí náà ẹ̀ṣẹ̀ ò sí. Àwọn kan ní, ẹ fi ti igi àti iyọ̀ sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ lẹ máa wò. Ó ti gbéra, ó ti ṣe gbogbo ohun tọ́wọ́ rẹ̀ lè ṣe, orí ló kó ẹni kejì yọ."

"Èwo ni adájọ́ tiwa?"

Lọ́yà wò ó, ìdùnnú rẹ̀ dín kù díẹ̀. "Ìyẹn la ò tíì mọ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀nà kan tó dájú wà. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti rí àmì yín nínú kọ́là kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ mọ̀ pé tiyín ni, ẹjọ́ parí. Mi ò ní kẹ́ ẹ parọ́ o. Mo kàn ń sọ ohun tó máa jẹ́ òótọ́ bó bá jẹ́ òótọ́."

Ìyàwó Bàbá Rọra ò fi igbá bo tirẹ̀. "Ẹ ní ẹ rí i. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré: mo rí i. Ẹnu yín tó tì yín sínú ọ̀fìn yìí, ẹ jẹ́ kó fà yín jáde."

Ilé ẹjọ́ náà jẹ́ yàrá gbọọrọ kan tí fáànù rẹ̀ ń yí bí ẹni tí kò fẹ́. Wọ́n fi Bàbá Rọra sínú ọgbà onígi kékeré tí ẹlẹ́jọ́ ń dúró sí, ó di igi náà mú, gbogbo ọgbà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Kóòtù aláwọ̀ eérú wà lórí tábìlì níwájú adájọ́, obìnrin kan tó wọ jígí, tí kì í sọ̀rọ̀ sókè.

Agbẹjọ́rò ìjọba dìde. "Olúwa mi, bí ẹnìkan bá ki ọwọ́ bọ àpò mi tí kò bá nǹkan kan níbẹ̀, ṣé kí n kí i kú iṣẹ́ ni?"

Lọ́yà Bàbá Rọra fò dìde. "Bí mo bá yọ́ wọ ilé ìdáná ara mi, tí mo jí ẹran nínú ìkòkò ara mi, ṣé wọ́n á tì mí mọ́lé?"

"Ó dọwọ́ ẹni tó se ọbẹ̀ náà, lọ́yà," ni adájọ́ wí. Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Bàbá Rọra ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọlọ́pàá tó di ìdè irin dání lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Wọ́n pe Màmá. Ó ní òun gba ojú ihò ilẹ̀kùn rí ọkùnrin náà lọ́jọ́ tó wọ kóòtù ní yàrá ìsáṣọ. "Olúwa mi, láti ọjọ́ tí mo ti gbà á síṣẹ́, mi ò rí i kó nàró rí. Ọjọ́ yẹn ló nàró. Mo ní ẹni tí kóòtù yìí bá mú nàró, òun ló ni ín."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún un?"

"Mo fẹ́ kó yà á lẹ́nu ni."

"Ó yà á lẹ́nu," ni adájọ́ wí. Ó bọ́ jígí rẹ̀, ó kọjú sí ọgbà onígi. "Bàbá, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Nígbà tẹ́ ẹ wọ kóòtù yìí sábẹ́ aṣọ iṣẹ́ yín, ta lẹ rò pé ó ni ín?"

Lọ́yà ń wo bàtà ara rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń mi ẹnu láìsọ̀rọ̀: mo rí i, mo rí i. Bàbá Rọra la ẹnu. Ó rí ọdún mẹ́ta, ó rí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, ó gbọ́ àyà ara rẹ̀ tó ń fọn. Ó ṣetán láti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n. Ó wá wo ojú adájọ́, ẹ̀rù irọ́ sì gun ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n lẹ́yìn, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Mo rò pé ti ẹlòmíràn ni," ni ó wí. "Olúwa mi, ká ní mo mọ̀ pé tèmi ni, ẹ̀rù kí n má bà á jẹ́ ì bá má jẹ́ kí n wọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni mo jà lólè? Ẹ fi í hàn mí kí n bẹ̀ ẹ́."

Ìyàwó rẹ̀ fi gèlè bo ojú. Adájọ́ kọ nǹkan, ó kọ ọ́ pẹ́.

"Ọwọ́ yín ò jalè," ni ó wá sọ, "kò sì lè jà á, torí ohun ara ẹni kò ṣeé jí. Tó bá jẹ́ ọwọ́ nìkan ni òfin ń wò, ẹ̀ bá máa lọ sílé. Àmọ́ òfin ò lè dúró títí dìgbà tí àpò bá kún kó tó mú ẹni tó ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ gbèrò rẹ̀, ẹ gbéra, ẹ dé géètì. Àmì tẹ́ ẹ ò wò ló gba kóòtù, kò gba ọkàn yín. Ẹ jẹ̀bi ìgbìyànjú."

Ìyàwó rẹ̀ ké. Ọgbà onígi dákẹ́ ìgbọ̀n. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ ti gan.

"Mi ò ní rán yín lẹ́wọ̀n," ni adájọ́ ń bá a lọ. "Òótọ́ tẹ́ ẹ sọ nígbà tí irọ́ ì bá gbà yín ló dá mi dúró. Ẹ máa lọ sílé. Àmọ́ títí ọdún kan, bí ẹ bá tún gbìyànjú ohunkóhun láti mú nǹkan onínǹkan, ọdún mẹ́ta ti òní ń dúró dè yín, a ó sì fi tuntun lé e. Ṣé ó yé yín?"

"Ohunkóhun?"

"Ohunkóhun."

Ìròyìn dé àdúgbò ṣáájú wọn, ó sì ti wú lọ́nà. Wọ́n ní adájọ́ kan ti dé tó ń mú ọkàn. Alápatà tó ti ń wo ìyàwó aládùúgbò láti ọjọ́ pípẹ́ gbé àga rẹ̀ yí, ó ń kọjú sí ògiri. Àwọn arákùnrin méjì tó ń bára wọn ṣọ̀tá kí ara wọn láàárọ̀, wọ́n sì bi ara wọn léèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pé, "O ò kúkú rí nǹkan kan lójú mi?"

Bàbá Rọra gbé kóòtù rẹ̀ wálé láàárín títì gangan, ó nà án síwájú bí ẹni tó gbé ọmọ tó tọ̀ sára, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó fi í pamọ́. Ó gbé e kọ́ sára ìṣó. Màmá gbà á padà síṣẹ́. Máníjà kì í tò wọ́n mọ́, ó kàn ń kí i láti ọ̀ọ́kán. Àmọ́ láti ọjọ́ ìdájọ́ yẹn, ọkùnrin náà kì í mú ohunkóhun láì béèrè. Tó bá fẹ́ wọ bàtà, á gbé e sókè, á ní, "Tèmi nìyí, àbí?" Ó ń wo inú kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ títí òṣùpá fi ń yọ. Oúnjẹ tí ìyàwó rẹ̀ gbé síwájú rẹ̀, kò ní fọwọ́ kàn án títí obìnrin náà fi máa sọ ọ́ lókè pé, "Tiyín ni, ẹ jẹ ẹ́." Kóòtù ọ̀hún, kò sún mọ́ ọn.

Obìnrin náà kọ́kọ́ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní bó bá ń bá a lọ báyìí, á máa gbàyè kó tó mí, torí pé ta ló ni afẹ́fẹ́? Títí di ìrọ̀lẹ́ kan tó ń dirun fún oníbàárà nínú yàrá, tó gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n má gbọ́.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Bàbá wọn? Ẹ wọlé. Ilẹ̀kùn ò tì."

Kò sẹ́ni tó wọlé. Ó fi òòyà sílẹ̀ nínú irun oníbàárà, ó lọ ṣílẹ̀kùn. Ọkọ rẹ̀ dúró sórí pèpéle, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

"Kí lẹ dúró síta ṣe?"

"Ṣé ilé mi nìyí?"

Àwàdà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó gbé àwàdà náà mì. Oníbàárà ti ń yọ ọrùn.

"Ilé yín ni," ni ó wí.

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè lórí ìloro, ẹsẹ̀ náà dúró ní afẹ́fẹ́. "Bó bá jẹ́ pé o ṣì í ńkọ́? Wọ́n ní ohunkóhun."

Obìnrin náà na ọwọ́ jáde, ó di apá rẹ̀ mú, ó sì fà á wọlé bí ẹni tó ń fa ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀.